Ẹ tọ́jú ti àtijọ́ kí ẹ tó ṣèlérí tuntun

Ní ọjọ́ 21 oṣù kìíní ọdún 2026, Ubisoft, ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Faransé tí ń ṣe eré orí ẹ̀rọ, kéde fún gbogbo ayé pé òun ti pa 6 tì nínú àwọn eré tí òun ń ṣe lọ́wọ́. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ nínú wọn ni Prince of Persia: The Sands of Time. Bí a bá fi èdè wa pè é, Ọmọ Ọba Páṣíà: Yanrìn Àkókò ni. Eré àtijọ́ ni. Ọdún 2003 ni ó kọ́kọ́ jáde. Láti ọdún 2020 ni Ubisoft ti ń ṣèlérí pé òun yóò tún un ṣe ní ọ̀tun, pẹ̀lú àwòrán tí ó dára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nísinsìnyí, ó ní òun kò ṣe é mọ́.

Inú ọ̀pọ̀ ènìyàn bàjẹ́ sí ìkéde yìí. Àwọn kan ń ṣọ̀fọ̀ bí ẹni pé eré náà fúnra rẹ̀ ni ó kú. Èmi kò bá wọn ṣọ̀fọ̀. Ìlérí ni ó kú. Eré ti ọdún 2003 ṣì wà lórí àtẹ fún ẹni tí ó bá ní kọ̀ǹpútà tí ó sì fẹ́ rà á. Bí a bá fẹ́ dá Ubisoft lẹ́bi, kí a má ṣe dá a lẹ́bi nítorí pé ó jáwọ́ nínú iṣẹ́ tí kò yọrí. Kí a bi í léèrè bí ó ṣe ń tọ́jú àwọn ohun àtijọ́ tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ìwé kíkọ ni ó wà lẹ́yìn àwòrán

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀yin tí ẹ kò gbá irú eré báyìí rí máa bi ara yín pé kí ni ó kàn yín nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ yín mọ̀ ọ́n. Wọ́n ń gbá a lórí fóònù. Wọ́n ń sanwó gbá a ní àwọn ṣọ́ọ̀bù tí a to tẹlifíṣọ̀n sí. Àwòrán ènìyàn kan wà nínú ẹ̀rọ, ọmọ sì di ohun èlò kan mú tí ó ní bọ́tìnì lára. Bí ó bá tẹ bọ́tìnì kan, ènìyàn inú ẹ̀rọ a sáré. Bí ó bá tẹ òmíràn, a fò.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé àwòrán nìkan ni eré náà. Ìwé kíkọ ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnì kan jókòó, ó kọ ọ́ ní ìlà lé ìlà, gẹ́gẹ́ bí àṣẹ fún kọ̀ǹpútà: bí ọkùnrin yìí bá dé etí kòtò, tí kò sì fò, kí ó ṣubú. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú ìlà bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ ń kà nígbà tí ọmọ ń ṣeré. Ẹ jẹ́ kí a pe àkọsílẹ̀ yìí ní orísun eré. Ẹni tí ó bá ní orísun lọ́wọ́ lè tún eré náà ṣe, ó sì lè mú un bá ẹ̀rọ tuntun mu. Bí orísun bá sọnù, iṣẹ́ náà di ìṣòro ńlá. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti kọ lẹ́tà rí mọ̀ pé ohun tí a kọ náà lè sọnù, bí a kò bá fi í pamọ́ sí ibi tí ó dára.

Orísun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ

Jordan Mechner, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni ó dá Ọmọ Ọba Páṣíà sílẹ̀. Eré àkọ́kọ́ náà jáde ní ọdún 1989, fún kọ̀ǹpútà kan tí a ń pè ní Apple II. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ orísun rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ni ó sì fi ṣe iṣẹ́ náà.

Ní ayé ìgbà yẹn, àwọn ẹ̀dá inú eré kì í rìn bí ènìyàn. Wọ́n ń rìn gán-ún gán-ún bí ère igi. Mechner fẹ́ kí tirẹ̀ máa rìn bí ẹlẹ́ran ara. Ó ní kí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, David, wọ aṣọ funfun, kí ó máa sáré, kí ó sì máa fò. Ó fi kámẹ́rà yà á. Lẹ́yìn náà ni ó tẹ̀lé ojú ìlà àwọn àwòrán náà lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi gbé ìrìn àbúrò rẹ̀ wọ inú kọ̀ǹpútà. Bàbá wọn, Francis Mechner, ni ó ṣe orin eré náà. Iṣẹ́ ẹbí ni, láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Eré náà tà kárí ayé. Wọ́n gbé e lọ sórí oríṣìíríṣìí ẹ̀rọ. Síbẹ̀, orísun tí Mechner fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ di àwátì. Ó wá a fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò rí i. Nígbà tí ó di ọdún 2012, bàbá rẹ̀ rí páálí kan nínú ẹrù àtijọ́, ó sì fi í ránṣẹ́ sí i. Àwọn díìsìkì tí kọ̀ǹpútà àtijọ́ máa ń fi tọ́jú ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀. Lára wọn ni orísun Ọmọ Ọba Páṣíà.

Wàhálà kò tán síbẹ̀. Agbára bí ti òòfà ni a fi ń kọ ọ̀rọ̀ sí ara irú díìsìkì bẹ́ẹ̀, bí ọdún sì ti ń gorí ọdún ni ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ń pa rẹ́. Mechner ké sí àwọn tí wọ́n mọ̀ nípa ẹ̀rọ àtijọ́. Wọ́n fara balẹ̀ kà á jáde, ó sì bọ́ sí i. Ní oṣù kẹrin ọdún 2012 kan náà, Mechner gbé gbogbo rẹ̀ sí orí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ lè kà á láìsan kọ́bọ̀.

Ẹ kíyè sí ẹni tí ó gba orísun yìí là. Kì í ṣe ilé-iṣẹ́ tí ó tà á. Bàbá kan tí kò da ẹrù ọmọ rẹ̀ nù ni. Àwọn àgbà wa sì ti sọ ọ́ pé odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.

Ọ̀bẹ tí ń dá àkókò padà

Lẹ́yìn ìgbà tí Mechner gbà kí Ubisoft lo orúkọ eré náà, àwọn òṣìṣẹ́ Ubisoft ní Montréal, ní ilẹ̀ Kánádà, bá a ṣe Yanrìn Àkókò ti ọdún 2003. Mechner ni ó kọ ìtàn inú rẹ̀. Ó yẹ kí n sọ díẹ̀ nínú ìtàn náà, kí ẹ lè mọ ohun tí àwọn ènìyàn ń sunkún lé lórí.

Ọmọ ọba Páṣíà tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lọ sí ogun ní ilẹ̀ Íńdíà. Wọ́n kó ààfin ọba ibẹ̀. Ọmọ ọba mú ọ̀bẹ kan nínú ìkógun, wọ́n sì gbé agogo oníyanrìn ńlá kan lọ. Olùdámọ̀ràn ọba Íńdíà, ọ̀dàlẹ̀ ènìyàn, tan ọmọ ọba títí ó fi fi ọ̀bẹ náà ṣí agogo. Yanrìn tú jáde, ó sì sọ gbogbo èrò ààfin di iwin. Àwọn mẹ́ta péré ni ó yè: ọmọ ọba, Farah tí í ṣe ọmọbìnrin ọba Íńdíà, àti ọ̀dàlẹ̀ náà. Láti ìgbà náà lọ, iṣẹ́ ọmọ ọba ni láti tún ohun tí ọwọ́ ara rẹ̀ bàjẹ́ ṣe.

Ọ̀bẹ yẹn ní agbára kan. Ó lè dá àkókò padà sẹ́yìn fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Bí ọmọ ọba bá já bọ́ láti orí òrùlé, ẹni tí ń gbá eré náà lè dá a padà sórí òrùlé kí ó tó balẹ̀. Ṣùgbọ́n yanrìn inú ọ̀bẹ ní ìwọ̀n. Bí ó bá tán, ẹni tí ó ṣubú ṣubú nìyẹn.

Ohun tí ó dùn mọ́ni jù ni pé ọmọ ọba fúnra rẹ̀ ni ó ń pa ìtàn náà. Bí ẹni tí ń gbá eré bá ṣèèṣì jẹ́ kí ó kú, ẹ óò gbọ́ ohùn ọmọ ọba tí ń sọ pé rárá, kò rí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn. A ó sì padà sẹ́yìn díẹ̀. Gbogbo ẹni tí ó ti jókòó gbọ́ ìtàn lẹ́nu àgbà ní òru òṣùpá mọ irú ohùn bẹ́ẹ̀. Àgbà ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ó dákẹ́, ó tún un sọ. Ìparí eré ni a tó mọ̀ pé Farah ni ọmọ ọba ti ń pa ìtàn náà fún láti ìbẹ̀rẹ̀.

Eré yìí bímọ. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ Montréal ń múra láti ṣe òmíràn tí yóò tẹ̀lé e, èrò wọn yà sí ọ̀nà mìíràn, ó sì di Assassin's Creed, tí ó jáde ní ọdún 2007. Assassin's Creed yìí náà ni ó wà nínú àwọn tí ń mú owó tí ó pọ̀ jù lọ wọlé fún Ubisoft títí di òní. Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà. Àkísà yìí ni Ubisoft sọ pé òun fẹ́ rán di aṣọ tuntun.

Ìlérí ọdún 5

Oṣù kẹsàn-án ọdún 2020 ni ó kéde rẹ̀. Ó ní eré tuntun náà yóò jáde ní ọjọ́ 21 oṣù kìíní ọdún 2021. Ó gbé iṣẹ́ náà fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní Pune àti Mumbai, ní ilẹ̀ Íńdíà. Nígbà tí wọ́n fi àwòrán àkọ́kọ́ hàn, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní kò dára tó. Wọ́n sún ọjọ́ náà sí oṣù kẹta. Lẹ́yìn náà, wọ́n sún un síwájú láìdá ọjọ́ kankan. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, Ubisoft gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ àwọn ará Íńdíà, ó gbé e fún Montréal. Ní ọdún 2024, ó ní ó di ọdún 2026. Ọdún 2026 dé. Ní ọjọ́ 21 oṣù kìíní, ọdún 5 gééré lẹ́yìn ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ dá, ni ó ní òun ti jáwọ́.

Ìdí tí ilé-iṣẹ́ náà sọ ni pé iṣẹ́ náà kò tíì dára dé ibi tí òun ń fẹ́, àti pé àkókò àti owó tí ó kù láti ná lé e ju agbára òun lọ. Ní oṣù kan náà, ó ti ilé-iṣẹ́ rẹ̀ tí ó wà ní Halifax, ní Kánádà, àti èyí tí ó wà ní Stockholm, ní Sweden. Ẹni tí ń ti ilé iṣẹ́ pa kò ní owó àfiṣòfò.

Nítorí náà, mo gbà pé ó tọ́ kí ó dúró. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Bí Ubisoft bá fi tipátipá gbé eré tí kò jinná jáde, àwọn ọ̀dọ́ tí wọn kò mọ ti ọdún 2003 ì bá rò pé bí ti àtijọ́ náà ṣe burú nìyẹn. Èyí ì bá ba orúkọ ìyá àti ọmọ jẹ́ pọ̀.

Àwọn tí wọ́n ń ṣọ̀fọ̀ náà ní ẹjọ́ tí ó ṣeé gbọ́. Wọ́n ní àwòrán ọdún 2003 ti gbó lójú ọmọ òde òní. Wọ́n ní eré àtijọ́ kì í sáà bá ẹ̀rọ tuntun mu dáadáa. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ ilé wò ó. Bí òrùlé ilé bàbá ẹni bá ń jò, ẹni tí kò ní owó púpọ̀ kì í wó ilé náà nítorí pé ó fẹ́ kọ́ pẹ́tẹ́ẹ̀sì. Páànù ni yóò kọ́kọ́ pààrọ̀. Ohun tí ó yẹ kí Ubisoft ṣe láti ọdún 2020 ni kí ó mú eré àtijọ́ náà bára mu pẹ̀lú ẹ̀rọ òde òní, kí ó sì tà á ní owó pọ́ọ́kú. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò tó ti títún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìpìlẹ̀. Bí pẹ́tẹ́ẹ̀sì bá wá wù ú lẹ́yìn náà, ọwọ́ rẹ̀ ni ó wà.

Ibi tí ẹ̀bi wà

Ẹ̀bi àkọ́kọ́ ni pé Ubisoft ta ọbẹ̀ kí ó tó dáná. Nígbà tí ó kéde eré náà, ó gbà kí àwọn ènìyàn máa sanwó rẹ̀ sílẹ̀. Ó dá owó náà padà nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ẹyin ni ohùn; bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́.

Ẹ̀bi kejì ni ó tóbi jù, ó sì wà níbòmíràn. Ubisoft kan náà ni ó ta eré ìfọkọ̀díje kan tí a ń pè ní The Crew ní ọdún 2014. Eré náà kò lè ṣiṣẹ́ bí kò bá bá kọ̀ǹpútà ńlá ilé-iṣẹ́ náà sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2024, Ubisoft pa kọ̀ǹpútà ńlá náà. Ní ọjọ́ yẹn, eré tí àwọn ènìyàn fi owó wọn rà di òkú lọ́wọ́ wọn. Àní ẹni tí díìsìkì rẹ̀ wà nínú àpótí nílé rẹ̀ kò lè gbá a mọ́. Níbi tí ilé-iṣẹ́ ti lè ṣe báyìí, kí ni a ń sunkún eré tuntun tí kò jáde sí? Èyí tí ó jáde, tí a sanwó rẹ̀, tí wọ́n sì gbà padà, ni ó yẹ kí a sunkún.

Àwọn ènìyàn kò dákẹ́. Wọ́n dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí ó ń jẹ́ Stop Killing Games, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ẹ yé pa eré. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ó lé ní mílíọ̀nù 1 ènìyàn tí ó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ wọn sí àwọn aláṣẹ ibẹ̀. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀ fún kò le: bí ilé-iṣẹ́ bá fẹ́ jáwọ́ nínú eré, kí ó fi í sílẹ̀ ní ipò tí ẹni tí ó rà á ṣì lè gbá a. Lẹ́yìn ariwo yìí, Ubisoft ṣe ọ̀nà tí a fi lè gbá The Crew 2 láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ṣeé ṣe, nígbà náà. Ohun tí kò ṣẹlẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni kí ẹnikẹ́ni bi wọ́n.

Ohun tí a lè béèrè

Mo rí ohun 3 tí ó yẹ kí Ubisoft ṣe, kò sì sí èyí tí ó ju agbára rẹ̀ lọ.

Èkíní, kí ó rí i pé Yanrìn Àkókò ti ọdún 2003 ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí ẹ̀rọ òde òní, kí ó má sì kúrò lórí àtẹ.

Èkejì, kí ó fi orísun rẹ̀ pamọ́ sí ibi tí ó ju ọ̀kan lọ. Láti ọdún 1992 ni òfin ilẹ̀ Faransé ti fi eré orí ẹ̀rọ kún àwọn ohun tí a gbọ́dọ̀ máa gbé lọ sí ilé ìkàwé ńlá ti orílẹ̀-èdè wọn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń gbé ìwé tí a tẹ̀ lọ síbẹ̀. Eré tí a tà ni òfin ń wí. Kí Ubisoft fínnúfíndọ̀ fi orísun kún un. Kí wọ́n tì í mọ́ inú àpótí fún ọdún díẹ̀ bí ó bá ń bẹ̀rù àwọn olè; ṣùgbọ́n kí ó wà níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí ó má ṣe da iṣẹ́ ọdún 5 náà nù. Àwọn ènìyàn Pune, Mumbai àti Montréal ya àwòrán, wọ́n kọ ìlà, wọ́n pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Nínú ìtàn náà, àwọn ará Páṣíà kó ààfin Íńdíà, wọ́n sì lọ. Kò yẹ kí àwọn òṣìṣẹ́ Íńdíà tún pàdánù tiwọn láìsí ẹni tí yóò mọ̀ pé wọ́n ṣe ohunkóhun. Kí a tọ́jú ohun tí wọ́n ṣe, kí a sì kọ orúkọ wọn sí i. Ẹni tí yóò tún un gbìyànjú lọ́jọ́ iwájú yóò rí ibi tí òun ti lè bẹ̀rẹ̀.

Ní ti ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin náà ní ipa nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé àpò yín ni owó ti ń jáde. Bí ọmọ bá ní kí ẹ san owó sílẹ̀ fún eré tí kò tíì jáde, ẹ sọ fún un pé kí ó ní sùúrù títí yóò fi dé ọjà, kí àwọn mìíràn sì ti jẹ́rìí sí i. Kí ẹ tó ra èyí tí ó ti jáde, ẹ ní kí ọmọ ka ohun tí a kọ sí ẹ̀yìn páálí rẹ̀ sókè, kí ẹ̀yin náà sì bá a kà á. Ẹ wò ó bóyá eré náà lè ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí kò bá lè ṣe é, ẹ mọ̀ pé ẹ kò rà á. Ẹ yá a ni, ẹni tí ó yá yín lè gbà á padà nígbàkigbà.

Ubisoft kò ní ọ̀bẹ ọmọ ọba. Kò lè dá ọdún 2020 padà kí ó tún ìlérí rẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọdún 2003 ṣì wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ lónìí. Kí ó gbé e sí ibi tí ó dára báyìí, kí ó má dúró de ọjọ́ tí bàbá arúgbó kan yóò tún máa tú páálí wá a.